Irun Mi Kò Gba Omi Mọ́: Ọṣẹ Dúdú Ni Tàbí Sódà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí. Ọdún mẹ́ta rèé tí mo ti gé gbogbo rìláásà kúrò lórí mi. Irun mi nípọn, ó sì wé gan-an. Ìkòròdú ni mò ń gbé, omi bọ́ọ̀hóòlù la ń lò. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́ pé ṣanpú máa ń mú irun gbẹ, kọndíṣọ́nà nìkan ni mo fi ń fọ orí. Mo ń fi òrí, epo àgbọn àti epo lárà pa á, mo sì ń fi jẹ́lì tẹ iwájú rẹ̀. Ní báyìí, bí mo bá da omi sí i, ńṣe ni omi ń yọ̀ bọ́. Irun náà le, kò dán, bí mo bá sì họ orí, nǹkan funfun máa ń kún abẹ́ èékánná mi. Mo ju fọ́nrán irun kan sínú ife omi, ó léfòó, wọ́n ní àmì pé irun mi kì í gba omi ni. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n fi békín sódà fọ̀ ọ́, màámi ní ọṣẹ dúdú ni. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? Mo fẹ́ di irun fún ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n mi lóṣù tó ń bọ̀.

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o ṣeun tí o mẹ́nu ba omi tí ẹ ń lò. Ọ̀pọ̀ tó ń bi mí léèrè nípa irun kì í rántí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, omi gan-an lè wà lára ohun tó ń ba irun jẹ́.

Irun rẹ kò wá epo. Ó ti ru epo kọjá agbára rẹ̀. Òrí wà níbẹ̀, epo lárà wà níbẹ̀, kọndíṣọ́nà wà níbẹ̀, jẹ́lì gun orí wọn, àfàìmọ̀ kí irin inú omi bọ́ọ̀hóòlù má ti dara pọ̀ mọ́ wọn. Gbogbo wọn ló bo irun mọ́lẹ̀ tí omi kò fi rọ́nà wọlé. Irun tí omi kò wọ̀ yóò gbẹ, yóò le. Ìwọ náà á fọwọ́ kàn án pé ó le, wàá tún bu òrí sí i. Bí ọ̀rọ̀ ṣe ń burú sí i nìyẹn. Kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ mọ́ débi awọ orí. Ẹ̀yìn ìgbà náà la ó tó mọ ohun tó kù tó ń fẹ́.

Ní ti fọ́nrán tí o jù sínú ife, mú ọkàn rẹ kúrò níbẹ̀. Irun tí epo wà lára rẹ̀ yóò léfòó. Irun tó mọ́ tónítóní náà lè léfòó, nítorí pé ojú omi lágbára tó láti gbé ohun tó fúyẹ́ bẹ́ẹ̀ dúró. Kò sí ohun tí àdánwò yẹn lè sọ fún wa nípa irun rẹ.

Lára fọ́nrán irun kọ̀ọ̀kan, àwọn èèpo tín-ín-rín wà tí wọ́n gun ara wọn bí ìpẹ́ ẹja, tí etí wọn kọjú sí ṣóńṣó irun. Awọ orí náà máa ń sun òróró tirẹ̀ láti ìdí irun. Lórí irun tó nà gbọọrọ, òróró yẹn máa ń rìn dé ìsàlẹ̀ láìsí wàhálà. Lórí irun tó wé bí tiwa, ibi tí irun ti yí po ni yóò máa bá pàdé lọ́nà, kò ní lè lọ jìnnà. Ìdí irun á máa dán, ṣóńṣó rẹ̀ á gbẹ. Ibi tí irun ti yí po yẹn náà ni èèpo ti máa ń ṣí, ibẹ̀ ló sì ti máa ń kán jù. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń kìlọ̀ pé kí a má máa fi ṣanpú líle fọ irun wa lemọ́lemọ́, ìkìlọ̀ náà sì tọ̀nà. Ibi tó ti ṣìnà ni ìgbà tí wọ́n sọ ọ́ di pé kí ṣanpú má kan orí wa mọ́ láéláé.

Kọndíṣọ́nà kò lè ṣe iṣẹ́ ṣanpú. Wọ́n ṣe é kí ó lẹ̀ mọ́ irun ni. Yí ike rẹ padà, kà á: wàá rí orúkọ bíi behentrimonium chloride tàbí polyquaternium. Agbára iná tí èròjà wọ̀nyí ń gbé yàtọ̀ sí ti ara irun, ìyẹn ló ń fà wọ́n mọ́ irun tí omi lásán kò fi lè ṣàn wọ́n lọ tán. Àǹfààní ni, torí òun ló ń jẹ́ kí òòyà kọjá. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí ohun tó ń yọ ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá kúrò, ti ọ̀sẹ̀ yìí á gun orí rẹ̀. Bí o bá tún rí dimethicone tàbí amodimethicone níbẹ̀ (oríṣi sílíkónì ni wọ́n), ìyẹn tún takú ju èyí lọ. Èyí tí wọ́n kọ PEG mọ́ níwájú nínú wọn ni omi sábà máa ń lè yọ.

Kí o tó ra ohunkóhun, wádìí omi yín. Fa omi bọ́ọ̀hóòlù náà sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì funfun lálẹ́, jẹ́ kí ó sùn síbẹ̀. Bí ó bá mọ́ gaara nígbà tí o fà á, tí ó wá pọ́n rúsúrúsú ní òwúrọ̀, irin wà nínú rẹ̀. Irin náà ti yọ́ sínú omi lábẹ́ ilẹ̀, afẹ́fẹ́ ló wá mú un hàn. Wo ìsàlẹ̀ táńkì yín àti ilẹ̀ ilé ìwẹ̀ náà. Bí ibẹ̀ bá ti pọ́n, ohun kan náà ló ń jókòó sórí irun rẹ ní gbogbo ìgbà tí o bá fọ̀ ọ́. Ọ̀pọ̀ omi bọ́ọ̀hóòlù ní àyíká Èkó ló rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ wa ní London ń bá irú rẹ̀ mìíràn jà: òkúta ẹfun ni omi ibẹ̀ ń gbà kọjá, kálísíọ́mù inú rẹ̀ pọ̀, òun ló ń mú inú kẹ́tù wọn funfun. Àwọn tó wà ní Glasgow kì í sábà kọ̀wé sí mi lórí èyí, nítorí omi tiwọn rọ̀.

Ó wá kan sódà tí ọ̀rẹ́ rẹ sọ. Má ṣe fi kan irun rẹ. Òṣùwọ̀n kan wà tí wọ́n ń pè ní pH: 7 ni àárín rẹ̀, ohun kíkan bí ọsàn wẹ́wẹ́ wà nísàlẹ̀, ohun bí eérú àti kán-ún wà lókè. Awọ orí fẹ́ràn nǹkan bíi 5 àti ààbọ̀, irun fúnra rẹ̀ tilẹ̀ fẹ́ kí ó kan jù bẹ́ẹ̀ lọ. Békín sódà tó wà nínú omi wà ní nǹkan bíi 8.3. Ó ń mú irun wú, ó ń ṣí èèpo ara rẹ̀ sókè, tí ọ̀kan á fi máa ha èkejì, tí wọn á sì máa ta kókó. Bí o bá tilẹ̀ fara mọ́ ìyẹn, kò tún ní yọ òrí fún ọ, torí sódà kì í ṣe ọṣẹ, kò ní ohun tó fi ń di epo mú kí omi lè gbé e lọ.

Ọ̀rọ̀ ọṣẹ dúdú ju ìyẹn lọ, mi ò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Eérú èèpo kòkó tàbí ti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà àti àdí ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Eérú ló ń sọ òróró di ọṣẹ. Ọṣẹ gidi ni, ó ń yọ epo, òótọ́ sì ni màámi rẹ sọ. Ṣùgbọ́n bi wọ́n léèrè irú omi tí wọ́n fi ń fọ orí nígbà tí wọ́n wà lọ́mọge. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ omi òjò tí wọ́n gbè sínú agbada tàbí ìkòkò ni. Omi òjò rọ̀, kò ní irin, kò ní kálísíọ́mù, ọṣẹ dúdú á hó nínú rẹ̀, á sì ṣàn lọ tán. Àdí díẹ̀ tàbí òrí díẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pa irun, kò sí jẹ́lì, kò sí dimethicone. Bí ọṣẹ kan náà bá wá pàdé kálísíọ́mù tàbí irin inú omi tiyín, wọ́n á dì pọ̀, wọ́n á di ẹ̀gbin tó funfun tàbí tó pọ́n díẹ̀, yóò sì lẹ̀ mọ́ irun. Wàá ti yọ ẹrù kan, wàá gbé òmíràn kà á. pH rẹ̀ náà ga, ó sábà máa ń wà ní 9 sí 10. Nítorí náà, bí o bá fẹ́ lò ó láti bọ̀wọ̀ fún màámi, yọ́ ìwọ̀nba díẹ̀ nínú omi òjò, sẹ́ ẹ, fi fọ awọ orí, ṣàn án dáadáa, lẹ́yìn náà kí o pò ṣíbí ìjẹun fínẹ́gà kan mọ́ ife omi kan, kí o dà á sí irun fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì kí o tó tún fi omi ṣàn án. Fínẹ́gà á mú èèpo irun padà sùn. Má fi ọsàn wẹ́wẹ́ rọ́pò rẹ̀. Bí oje ọsàn wẹ́wẹ́ bá wà lára awọ tí oòrùn sì pa á, ó lè jó awọ náà kí ó sì fi àpá dúdú sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Mo ti rí i níwájú orí ẹni tó ń múra ìnáwó, kò dára rárá.

Fún bí irun rẹ ṣe rí lónìí, ṣanpú ni mo fẹ́, èyí tí wọ́n kọ clarifying sí lára, ìyẹn èyí tó ń fọ ohun tó ti dì mọ́ irun kúrò. Nínú orúkọ mẹ́rin tàbí márùn-ún àkọ́kọ́ lẹ́yìn rẹ̀, wàá sábà rí sodium laureth sulfate, tàbí sodium C14-16 olefin sulfonate. Wọ́n máa ń to orúkọ wọ̀nyí láti orí èyí tó pọ̀ jù, nítorí náà èyí tó wà lókè ló ń ṣiṣẹ́ gan-an. Bí bọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn bá pọ́n, wá èkejì tí wọ́n kọ chelating tàbí hard water sí, ìyẹn èyí tó ń yọ irin. Má kàn wo inú rẹ̀ kí o rí EDTA, èròjà tó ń di irin mú, kí o sì gbà pé òun nìyẹn: ọ̀pọ̀ ṣanpú ló ní EDTA ìwọ̀nba kí ṣanpú má baà tètè bàjẹ́, kò tó láti yọ irin lórí ẹnikẹ́ni.

Wá ọjọ́ tí o kò ní kánjú. Pín irun sí ọ̀nà mẹ́fà tàbí mẹ́jọ, fi ìka tú ibi tó ti ta kókó, kí o sì lọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kí wọ́n má baà dà pọ̀. Má fi epo kankan sí i kí o tó fọ̀ ọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Omi lọ́wọ́ọ́wọ́ ni kí o lò, torí òrí máa ń dì nínú omi tútù, omi lọ́wọ́ọ́wọ́ ló ń yọ́ ọ. Omi tó gbóná jọ̀bọ̀ọ̀ sì ń pa awọ orí lára. Jẹ́ kí irun mu omi fún ìṣẹ́jú 2 tàbí 3. Bu ṣanpú sí àtẹ́lẹwọ́, fi omi pò ó, kí o sì bẹ̀rẹ̀ láti awọ orí. Orí ìka ni kí o fi fọ̀ ọ́, má fi èékánná họ ọ́. Ti àkọ́kọ́ kò ní hó, ó sì lè dà bíi pé o fi owó ṣòfò. Epo ló ń pa ìhó yẹn. Ṣàn án, kí o tún fọ̀ ọ́. Ẹlẹ́ẹ̀kejì yẹ kí ó hó. Bí ibì kan bá wà tí kò hó síbẹ̀, tún ibẹ̀ nìkan fọ̀. Má kó gbogbo irun jọ sí àárín orí kí o máa bó o, ibẹ̀ ni kókó ti ń wá. Fi ọwọ́ fa ìhó náà láti ìdí dé ṣóńṣó, ṣóńṣó kò nílò ju ìyẹn lọ. Bí o bá ń lo èyí tó ń yọ irin, òun ni kí o fi fọ ẹlẹ́ẹ̀kejì, kí o sì fi sílẹ̀ fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú tí wọ́n kọ sára ike rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, irun rẹ yóò ki lọ́wọ́, yóò sì ká kúrú. Àwọn kan máa ń pariwo níbí pé ṣanpú ti ba irun àwọn jẹ́. Dúró ná. Ohun tó ń bò ó ti kúrò ni, irun gan-an lò ń fọwọ́ kàn. Da omi sí i kí o sì wò ó: omi yóò wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, irun á wúwo, á dúdú sí i. Èyí ni àdánwò tí mo gbà.

Ìsinsìnyí ni kọndíṣọ́nà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé àyè rẹ̀. Fi púpọ̀ sí i, láti àárín irun dé ṣóńṣó. Fi òòyà eléyín gbàǹgbà yà á nígbà tí kọndíṣọ́nà ṣì wà nínú rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ láti ṣóńṣó kí o máa gòkè díẹ̀díẹ̀. Irun wa máa ń kán púpọ̀ bí a bá fi òòyà yà á ní gbígbẹ. Bí ó bá sì tutù, ó rọ̀ ṣùgbọ́n kò lágbára bíi tàtẹ̀yìnwá, nítorí náà ọwọ́ pẹ̀lẹ́. Bo orí pẹ̀lú nílọ́ọ̀nù fún ogún ìṣẹ́jú, ṣàn án, kí o sì fi ẹ̀wù kọ́tìnì àtijọ́ fún omi rẹ̀. Aṣọ ìnura máa ń fa irun tu. Ní ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, òrí ìwọ̀n ẹ̀pà kan ti tó, lórí irun tó ṣì tutù, ní ìdajì ìsàlẹ̀ nìkan. Epo lárà ki jù fún ọ, gbé e sílẹ̀. Epo àgbọn ní iṣẹ́ tó dára ju pípa irun lọ: láti ìgbà mìíràn, fi pa irun kí o tó fọ̀ ọ́. Ó wà lára ìwọ̀nba òróró tó ń wọ inú fọ́nrán irun lọ, ó sì ń dín ohun tí ìfọ̀ ń gbọ̀n kúrò lára rẹ̀ kù. Àdí fara jọ ọ́ gan-an nínú èròjà.

Bí òjò bá wà, gbe omi rẹ̀ fún ìṣàn ìkẹyìn. Jẹ́ kí òjò kọ́kọ́ fọ òrùlé ná kí o tó gbé garawa síta, má sì gbè é lábẹ́ páànù tó ti dípẹtà, nítorí irin tí a ń sá fún náà ló wà níbẹ̀.

Ohun funfun abẹ́ èékánná rẹ ń fẹ́ àkíyèsí. Bí ìfọ̀ méjì tó jíire bá mú un lọ, tí orí kò sì yún mọ́, jẹ́lì àti kọndíṣọ́nà ni. Bí ó bá tún padà láàárín ọjọ́ díẹ̀ pẹ̀lú ìyún, ó jọ dándírọ́fù. Ohun alààyè kékeré kan tó ń jẹ́ Malassezia, tó wà lórí awọ gbogbo wa, máa ń jẹ òróró; bí o ṣe ń fi òróró pa awọ orí, oúnjẹ rẹ̀ lò ń gbé kalẹ̀. Ṣanpú tó ní ketoconazole tàbí zinc pyrithione, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, lórí awọ orí nìkan, fún ìṣẹ́jú 5 kí o tó ṣàn án, ló sábà ń tọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àárín orí bá ń fẹ́lẹ́, tí ibẹ̀ ń dán tàbí tí ó ń ta ọ́, má fi ṣanpú kankan dán an wò. Lọ rí dókítà awọ ara ní ilé ìwòsàn LASUTH ní Ìkẹjà tàbí LUTH ní Ìdí-Àràbà, kí o sì tètè lọ, nítorí irú irun jíjá kan wà tó ń di ojú irun pa tí kò sì ní hù mọ́. Bí ọmọdé bá wà nílé tí orí rẹ̀ ní ibi róbótó tí irun ti já, làpálàpá lè ni, oògùn tí a ń gbé mì ló ń wò ó.

Lẹ́yìn ìfọ̀ ńlá yìí, lẹ́ẹ̀kan lóṣù ti tó fún ṣanpú líle. Láàárín rẹ̀, ní ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì síra, lo èyí tó rọ̀, tí cocamidopropyl betaine tàbí sodium cocoyl isethionate wà lókè nínú orúkọ èròjà rẹ̀. Bí o bá pa irun láró, fi àyè sí i jù bẹ́ẹ̀, torí ṣanpú líle máa ń ṣí àwọ̀.

Ó ku ti ìgbéyàwó. Fọ̀ ọ́ lọ́sẹ̀ yìí, kí o sì fi ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì wo bí awọ orí ṣe ń ṣe. Ní ọjọ́ kan ṣáájú dídì, fi ṣanpú tó rọ̀ fọ̀ ọ́, jẹ́ kí ó gbẹ dé ìdí, kí ó má baà rùn lábẹ́ irun dídì. Sọ fún onídìrí pé kí ó má fi jẹ́lì sí awọ orí, kí ó sì tú èyíkéyìí tó bá dùn ọ́. Iwájú orí kì í gbàgbé ìyà. Èmi ì bá ní kí o di ṣùkú pẹ̀lú irun ara rẹ láìfi àtàṣímẹ́ǹtì kún un, ó bá aṣọ òkè mu, ó sì fúyẹ́. Má jẹ́ kí ó kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ lórí. Nígbà tí o bá tú u, ìdì irun tó máa jáde lè já ọ láyà, ṣùgbọ́n irun 50 sí 100 ni orí ń jù nù lójoojúmọ́, irun dídì ló mú wọn dúró. Fi ìka yọ wọn pẹ̀lú ìdọ̀tí ìdí irun ní gbígbẹ, kí omi tó kàn án, torí bí omi bá bá wọn níbẹ̀, wọ́n lè di ìdì tó jẹ́ àlùmọ́gàjí nìkan ló máa yọ ọ́.

Bá mi kí màámi, kí ẹ sì kú ìmúra ìgbéyàwó o.